Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ àti Oúnjẹ Oṣù Méjìlá

Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu.

Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti ní láti yá aṣọ ròde rí. Ìnira kìíní nínú ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni pé kì í ṣe ìdí rẹ ni télọ̀ wọ̀n kó tó rán an. Ìkejì ló burú jù: ẹni tó ni ín lè wà lóde kan náà. Bí o bá fẹ́ jókòó, ojú rẹ̀ á tẹ̀ lé ọ. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, àyà rẹ̀ á já. Tó bá sì dìrọ̀lẹ́, á gba ṣòkòtò rẹ̀, á fi ọ́ sílẹ̀ bí o ṣe wà.

Owó tí àwọn ọmọ wa ń fi hàn kí wọ́n tó gba físà lọ ka másítàsì ní UK ló mú mi rántí òwe yìí.

Ìjọba ibẹ̀ fẹ́ rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ní owó oúnjẹ àti owó ilé, yàtọ̀ sí owó ilé ìwé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, £1,529 lóṣù ni fún ẹni tó bá máa kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, £1,171 fún ẹni tó bá wà níbòmíràn, oṣù 9 ni wọ́n sì ń kà. Fún ẹni tí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di £10,539. Owó yẹn gbọ́dọ̀ sùn nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28. Ibí ni àwọn tó ń yáni ní POF (proof of funds, ìyẹn owó tí èèyàn fi ń hàn) ti rí tiwọn jẹ: wọn á da owó sínú àkáǹtì, ọjọ́ 28 á pé, wọn á kó owó wọn padà, wọn á sì gba èlé lé e. Físà wà lọ́wọ́ rẹ, àmọ́ wọ́n ti gba ṣòkòtò.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gúnlẹ̀ sí ìlú kan ní àríwá England nínú oṣù kìíní, nínú òtútù, pẹ̀lú £400 àti gàrí Ìjẹ̀bú kòǹgò mẹ́rin. Owó ló kọ́kọ́ tán. Onílé ní kó san owó ìdógò ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kó sì mú onídùúró tó ń gbé UK wá. Níbo ló ti fẹ́ rí i? Orí kápẹ́ẹ̀tì ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ló sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mo mọ ohun tí wàá sọ, àbúrò mi: "Tí mo bá débẹ̀, màá ṣiṣẹ́." Ó dáa, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà ọ́ láyè, láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè. Bí ibi iṣẹ́ rẹ bá jẹ́ méjì, àpapọ̀ méjèèjì ni wọ́n ń kà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2026, owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 ni £12.71 fún wákàtí kan. Ìyẹn £254.20 lọ́sẹ̀, £1,016.80 lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Kò tó £1,171 tí ìjọba fúnra rẹ̀ ní o nílò. Bẹ́ẹ̀, bí o bá rí wákàtí 20 náà ni o. Iṣẹ́ kéà tí gbogbo wa ń sá lọ bá, wọ́n lè fún ọ ní ogún wákàtí lọ́sẹ̀ yìí, kó di mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n má pè ọ́ rárá lọ́sẹ̀ kẹta.

Ìgbà ooru gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àwọn tó ń ka digirí àkọ́kọ́ wà lọ́lidé nígbà náà, wọ́n lè ṣiṣẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Ìwọ tó ń ka másítàsì ò sí lọ́lidé. Oṣù tí o fi ń kọ àpilẹ̀kọ rẹ, àsìkò ẹ̀kọ́ ni, wákàtí 20 kò sì yẹ̀. Má gbọ́ ti ẹni tó bá sọ fún ọ ní ibùdókọ̀ pé sọ́mà ti dé. Kì í ṣe físà tiẹ̀ ni wọ́n máa fagi lé.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oúnjẹ nìkan ni mo rò pé wọ́n ń wí, àfìgbà tí mo rí ẹni tó ti iṣẹ́ òru dé ní aago méje, tí kíláàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Oorun náà, ebi ni.

Ẹ̀gbọ́n tó bá lọ ní 2022 lè sọ pé òun ṣe é, kò sì pa òun. Bi í léèrè ta ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìyàwó á máa kàwé, ọkọ á máa ṣiṣẹ́ láìsí òdiwọ̀n wákàtí. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó ń ka másítàsì oníkíláàsì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ìmọ̀ràn náà dára fún ìgbà tirẹ̀.

Ohun tó bá ni mu rẹ́múrẹ́mú kì í tètè délé. Bí o bá wà nínú àjọ, gba ọwọ́ ìkẹyìn, kí o má sì jẹ́ kí owó ilé ìwé gbé e mì. Bí ó bá jẹ́ owó alájẹṣẹ́kù lo fẹ́ yá, rántí pé àwọn onídùúró rẹ kò ní bá ọ wọ bàálù. Ẹnu owó oṣù wọn ni wọn á ti máa gé e. Máa fi owó rẹ ra pọ́n-ùn díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, pọ́n-ùn kan kò tó 600 náírà ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 2,000. Òbí tó ṣèlérí owó oúnjẹ ní náírà kò purọ́, owó ọwọ́ rẹ̀ ló fọ́. Kí o sì ka oṣù méjìlá, má ka mẹ́sàn-án: ìjọba lè dúró níbẹ̀, ikùn kò ní dúró. Tí o bá débẹ̀, tètè gba ìwé lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, kí wọ́n má baà bu owó orí ilé, council tax, lé ọ lórí.

Bí gbogbo èyí kò bá tíì pé, bẹ ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n sún ọ di ọdún tó ń bọ̀. Ojú lè tì ọ́, pàápàá tí màmá rẹ bá ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àbúrò ọmọbìnrin tó sùn lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn náà ti rí ilé ẹ̀kọ́ gbà á fún oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé kí n bá àwọn wá ẹni tó máa gbé owó sí àkáǹtì rẹ̀ fún oṣù kan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá pè wọ́n, fóònù á dún títí. Àmọ́ ọmọ náà kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ àná: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni wọ́n ń gba yàrá kan ní ìlú Hull?"