Kì í ṣe ìjọba ló ń gbọ́ orin kí rédíò tó lò ó

Bí orin tó kún fún àlùfàǹṣá bá ń dún lórí rédíò lọ́sàn-án gangan ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Òkè-Fíà tàbí nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọjà-Ọba, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹni tó bá ráhùn lẹ́nu mọ́ ni pé, "Bí kò bá dára, ṣé ìjọba á jẹ́ kí wọ́n lò ó ni?" Wọ́n gbà pé ọ́fíìsì kan wà tó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo orin, tí yóò sì fọwọ́ sí i kó tó dé etí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ó jọ pé fíìmù ló da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ wa lójú. Àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ní láti wo fíìmù kó tó dé ọjà. Ti rédíò yàtọ̀. NBC (National Broadcasting Commission), àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ìjọba ológun, Decree 38 ti ọdún 1992, gbé kalẹ̀, ló ń mójú tó ìwé àṣẹ àti ìlànà ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Lára ìlànà náà ni pé ètò tó wà fún àgbà nìkan kò gbọ́dọ̀ jáde àfi láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí. Ilé iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ ló sì ni ẹ̀bi ohun tó bá gbé jáde, yálà ti ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Òkè-Báálẹ̀ ni o, tàbí ti aládàáni.

Ẹ wo ètò tí àwọn olùgbọ́ ti ń pe wọlé. Inú ń bí ẹni tó pè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ nípa ìyá ẹlòmíràn. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan nínú yàrá yẹn. Atọ́kùn ètò àti ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀, àwọn nìkan ló sì lè gé ìpè náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin rí: àwọn olórin kan máa ń ṣe ẹ̀dà tí wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ rírùn kúrò nínú rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń to orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ló ń yan èyí tí yóò lò.

Agbára NBC gan-an kò tó bí a ṣe rò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2019, ó bu owó ìtanràn 500,000 náírà lé ilé iṣẹ́ 45 lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àmọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Adájọ́ James Omotosho ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé àjọ náà kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bu ìtanràn léni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìgbàgbọ́ yìí ń mú kí àwọn òbí dákẹ́, nígbà tó jẹ́ pé òfin tó dá NBC sílẹ̀ pàṣẹ fún un láti gba ẹ̀sùn aráàlú, kó sì wádìí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé ẹ̀sùn sí NBC, kó kọ ọjọ́, aago, orúkọ ilé iṣẹ́ àti ti ètò náà, kó sì kọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an bó ṣe gbọ́ ọ, bó ti wù kó tijú tó.