Hard disk tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ yìí ti sú mi o!

Ta ló ní kí hard disk, ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó nǹkan pamọ́ sí, máa sùn nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn o, torí láti Sátidé ni inú ti ń bí mi, kò sì tíì rọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ariwo yẹn. Kẹ́. Á dákẹ́. Ẹ fọwọ́ kan nǹkan báyìí, hùùù, á jí, kẹ́ ẹ tó mọ́wọ́ kúrò, kẹ́, ó ti tún padà lọ sùn.

Sátidé yẹn mo lọ sí Ìsẹ́yìn lọ bá màmá tó bí bàbá mi, kí n gba oríkì ilé wa sílẹ̀ lẹ́nu wọn, torí àwọn nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n dé ìdí. Awakọ̀ tó gbé mi lọ gba owó ẹrù lórí láptọ́ọ̀pù tó wà lórí itan mi o, ìyẹn náà ṣì ń dùn mí. Mo débẹ̀, mo so máìkì mọ́ ọn, ariwo kankan ò sí, torí mo ti kọ́kọ́ ṣe sẹ́tíńgì hard disk náà níbẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi ń wú! Wọn ò tíì dé ààbọ̀ tí wọ́n fi mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi sì ti bàjẹ́ tipẹ́, bó ṣe kú nìyẹn. Nígbà tíná dé mo tan án, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbà, wọ́n kì í fún odindi ogójì ìṣẹ́jú, ohùn wọn nìkan ni mò ń gbọ́, àfìgbà táwọn fúnra wọn dánu dúró tí wọ́n ní, "Àkànní, ṣé eku ló wà nínú àpótí rẹ yìí ni?"

Kẹ́. Kẹ́. Ó wà nínú gbogbo ẹ̀! Wáyà máìkì kúrú, ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù náà ló wà.

Ṣé ẹ rí ariwo yìí, nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnjiníà tí mo gbé e lọ bá ò tiẹ̀ ṣí i, ó kàn gbé etí lé e, ó ní, "Ọ̀gá, hard disk yín ti ń kú lọ, ẹ ra tuntun." Mo ra tuntun. Tuntun náà ń ró kẹ́! Mo lọ sí Power Options, níbi tí wọ́n ti ń yan ìgbà tí hard disk máa sùn, mo yí ogún ìṣẹ́jú tó wà níbẹ̀ sí Never, kò yí nǹkan kan padà. Àbúrò mi ló ní kí n fi CrystalDiskInfo, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí ara hard disk ṣe le tó, wò ó. Ó kọ Good síbẹ̀ ní búlúù o, àmọ́ Load/Unload Cycle Count, iye ìgbà tí orí inú ẹ̀ ti lọ sinmi tó sì padà, ti lé ní 187,000, hard disk tí ò tíì pé oṣù mẹ́jọ, táwọn tó ṣe é sì kọ 300,000 sí pé ibẹ̀ ló lè dé! Orí kékeré tó ń ka nǹkan inú ẹ̀ ló ń sá lọ síbi ìsinmi tó bá ti lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ láìríṣẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú kan, 120 ní wákàtí kan nìyẹn, 1,200 tẹ́ ẹ bá fi wákàtí mẹ́wàá ṣiṣẹ́, 250 ọjọ́ péré, 300,000 ti pé. Torí kí wọ́n lè ṣọ́ iná tí ò tó ti gílóòbù kan! Iná wo gan-an ni wọ́n ń bá wa ṣọ́, èyí tí a ò rí?

Mo fa APM ẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe máa ṣọ́ iná tó, láti 128 dé 254, ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀; òun ni sẹ́tíńgì tí mo ṣe kí Màmá tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíná ṣáà ti lọ, ó ti gbàgbé, ó tún padà sí tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iná ń lọ ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́ lọ́dọ̀ wa! Kẹ́nikẹ́ni má wá ní kí n ra SSD, irú èyí tí nǹkan kan ò ń yí nínú ẹ̀, o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó ni.

Ọ̀fun ń dun Màmá báyìí, wọ́n ní àwọn ò lè kì í lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe hard disk, ohun tí mo bá ti yàn, ẹ jẹ́ kó dúró bí mo ṣe yàn án, iná ì báà lọ ẹ̀ẹ̀ẹgbẹ̀rún!