Ṣé ìyàwó Abíọ́lá lásán ni Kudirat?

Ọmọ Alárè
Ní June 4, 1996 ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat, ìyàwó M.K.O. Abíọ́lá, nínú ọkọ̀ rẹ̀ l'Ékòó, torí ìwọ́de tó ń ṣe lórí ìbò June 12, 1993 tí ọkọ rẹ̀ wọlé. Muslim Girls' High School ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ló ti kàwé. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ pe igun títì kan ní New York, níwájú ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà. Kí ló dé tí kò sí títì tiwa tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀? Mo fẹ́ ká gbé e lọ bá káńsù.

Bàbá Fọlágbádé
Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣáríà ni wọ́n bí i sí, ará Abẹ́òkúta lọkọ rẹ̀. Ibi ìwọ́de kọ́ ni wọ́n pa á sí. Obìnrin tí wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé, kí ni kò ní ṣe? Ọkọ rẹ̀ ló ń jà fún.

Àǹtí Ìmọ̀wò
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ọkọ nìkan kọ́ ló ń wá. Ìjọba ológun Abacha ní àwọn á fún Abíọ́lá ní béèlì tó bá lè gbàgbé ìbò June 12. Ìyàwó tó kàn fẹ́ kí ọkọ òun wálé, ẹ̀bẹ̀ ni ì bá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà, ó ṣe tán ọmọ méje ló wà nílẹ̀. Kudirat ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1994, ó wà lẹ́yìn wọn. Ní December 1995, ó bá Olóyè Anthony Enahoro wọ́de l'Ékòó, lójú Abacha! Ẹni tí wọ́n pa torí ohun tó ń wọ́de fún, ṣé ó dìgbà tó bá kú sójú títì gan-an? Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún rédíò táwọn ará wa l'ókè òkun fi ń bá ìjọba ológun jà, Radio Kudirat.

Ará Mákùn
Ẹ kú àríyànjiyàn o. Ṣàgámù ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ní February 2020, lẹ́yìn tí agbábọ́ọ̀lù Remo Stars kan kú sójú ọ̀nà márosẹ̀ nígbà tó wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, àwọn ọ̀dọ́ wa jáde. Ìbọn dún. Ìyá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ wa, a dojú bolẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan tó jáde lọ́jọ́ náà ò padà wálé. Ta ló mọ orúkọ wọn lónìí? Ní July 1993 náà, àwọn tó jáde l'Ékòó torí ìbò yẹn, ṣójà yìnbọn pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Mi ò bá Kudirat jà o, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń wà á lọ́jọ́ náà ńkọ́? Òun náà kú.

Ọmọ Alárè
Ọ̀rọ̀ yín dùn mí dénú. Mi ò tiẹ̀ ronú kan awakọ̀ yẹn.

Bàbá Fọlágbádé
Ẹjọ́ ikú Kudirat gan-an ò lójú. Ilé ẹjọ́ l'Ékòó dá ikú fún ẹni méjì ní January 2012. Nígbà tó di July 2013, kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n máa lọ ilé. Kí lẹ wá fẹ́ kọ sára pátákó náà? Pé ta ló pa á?

Àǹtí Ìmọ̀wò
Ká kọ ọjọ́ tí wọ́n pa á, ká kọ ohun tó ń bèèrè. Ká kọ orúkọ awakọ̀ rẹ̀ sí i. Ará Mákùn, ẹ bá wa wádìí orúkọ àwọn ọmọ Ṣàgámù yẹn lọ́wọ́ àwọn òbí wọn, tí wọ́n bá yọ̀ǹda. Lọ́jọ́ Ajé ni màá kọ lẹ́tà náà.

Bàbá Fọlágbádé
Mi ò tíì gbà pé Ìjẹ̀bú-Òde ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n tí orúkọ awakọ̀ yẹn bá wà níbẹ̀, ẹ mú un wá, màá fọwọ́ sí i.