Ahọ́n kọ́ ló ń ṣe Bàbá

Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu èèyàn n'Ílọrin wa yìí, tí ọ̀rọ̀ sì pòórá lẹ́nu rẹ̀, àwọn kan á ní ayé ló dì í láhọ́n. Àwọn yòókù á ní ọpọlọ rẹ̀ ti lọ, wọ́n á sì máa jíròrò ogún lójú rẹ̀. Irọ́ ni méjèèjì.

Ẹ wo aáfà tí kò lè bèèrè omi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ Fátíà, ó lè bá a ké e dé àmín láìṣì í. Wọ́n á ní ó ń díbọ́n. Kò díbọ́n o. Ohun tó ti mọ́ni lẹ́nu láti kékeré, àdúrà, èpè, oókan eéjì, kò gbára lé ibi tí ọpọlọ ti ń hun ọ̀rọ̀ tuntun tó bẹ́ẹ̀. Ahọ́n dídì wo ló ń ké Fátíà? Ọwọ́ ọ̀tún ló sì sábà máa ń kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀, torí apá òsì ọpọlọ ló ń darí rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni èdè fìdí kalẹ̀ sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kódà adití tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, èdè ọwọ́ rẹ̀ á dàrú.

Ti ọpọlọ tó lọ ńkọ́? Lọ́dún 1861, ní ilé ìwòsàn Bicêtre nítòsí Paris, dókítà Paul Broca pàdé Leborgne, ẹni tó jẹ́ pé "tan, tan" ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ọ̀rọ̀. Broca bi í pé ọdún mélòó ló ti lò níbẹ̀. Ó na ìka márààrún lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wá fi ìka kan lé e: ọdún 21, bó ṣe rí gan-an. Lọ́jọ́ kejì, ìdáhùn kan náà. Nígbà tí Broca tún bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó fura pé wọ́n ń dán òun wò, inú bí i, èpè já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn?

Leborgne kú lọ́dún yẹn. Broca wo ọpọlọ rẹ̀ látìta, kò là á, ó ní iwájú apá òsì ni ilé ọ̀rọ̀. Nina Dronkers, onímọ̀ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí àwọn tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ya àwòrán ọpọlọ náà tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́. Àbájáde 2007 fi hàn pé ọgbẹ́ náà wọnú lọ jìnnà, dé àwọn okùn tó so ibì kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Ojú kan ṣoṣo kọ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Carl Wernicke, ará Jámánì, ṣàlàyé irú kejì àìsàn ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1874: ọ̀rọ̀ ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò nítumọ̀, ẹni náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ni yé. Ìyẹn là ń pè ní wèrè ládùúgbò, wèrè kọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá pòórá lójijì, ilé ìwòsàn ni kíá. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, fún ẹni tó bá yẹ, láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún un. Kí ẹ tó wá ẹni tó dì í láhọ́n láti Adéta dé Pàkátà, àkókò náà ti kọjá. Nílé, ẹ má pariwo mọ́ Bàbá, etí wọn ò di. Ẹ gbé tùwó àti àmàlà síwájú wọn, kí wọ́n nawọ́ sí èyí tó wù wọ́n, kí ẹ sì ní sùúrù dúró.