Kì í ṣe torí pé iṣẹ́ rẹ̀ kùnà ni wọ́n ṣe rán Elizabeth Holmes lẹ́wọ̀n

Ọ̀rọ̀ kan táwọn èèyàn ń pín kiri ni pé Elizabeth Holmes, tó dá Theranos, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lọ sẹ́wọ̀n torí pé ohun tó dáwọ́ lé kò yọrí sí rere. Irọ́ ni. Jìbìtì ni wọ́n dá a lẹ́bi rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ẹ̀sùn mẹ́rin, torí pé ó parọ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò.

Ẹ wo ọ̀kan péré. Ó lẹ àmì Pfizer, ilé-iṣẹ́ apoògùn ńlá, mọ́ ìwé tí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ kọ, láìgba àṣẹ, ó sì fi ránṣẹ́ sáwọn olùdókòwò. Ẹni tó bá rí àmì yẹn á gbà pé Pfizer ló kọ ọ́. Ó jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun lòún ṣe é. Ṣé ìjákulẹ̀ nìyẹn?

Ohun tó dùn mí jù ni ti àwọn oníròyìn. Wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ Holmes sọ pé ẹ̀rọ òun lè fi ẹ̀jẹ̀ ín-ín-tín láti orí ìka ṣe àyẹ̀wò rẹpẹtẹ. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ síwájú ìwé ìròyìn, wọ́n ń ròyìn ẹ̀wù dúdú tó ń wọ̀ bíi ti Steve Jobs tó wà lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, ẹ̀rọ náà gan-an ni wọn ò yẹ̀ wò. Forbes, ìwé ìròyìn tó máa ń ka owó àwọn olówó, ní ó ní 4.5 bílíọ̀nù dọ́là. Ní 2016, Forbes kan náà sọ ọ́ di òdo. Àmọ́ àwọn aláìsàn ti gba èsì àyẹ̀wò tí kò tọ̀nà. John Carreyrou, oníròyìn ìwé ìròyìn Wall Street Journal, ló tú àṣírí náà ní 2015, lẹ́yìn tó fetí sí àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ inú ibẹ̀.