Pípọ̀ Àwọn Tí A Yẹ̀ Wò Kọ́ Ni Ó Ń Sọ Ìwádìí Di Òótọ́

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ìlera, pé bí iye ènìyàn tí a yẹ̀ wò nínú ìwádìí kan bá ṣe pọ̀ tó ni èsì rẹ̀ ṣe sún mọ́ òtítọ́ tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ènìyàn mélòó ni ẹ yẹ̀ wò?", tí wọn kì í sì í béèrè ibi tí a ti rí àwọn ènìyàn náà. Ìbéèrè kejì yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ fẹ́ mọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ìlú náà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọjà ẹja Olúwo, ó sì yẹ 3,000 ènìyàn wò. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ta ni ó wà lọ́jà? Ẹni tí ó lè jí ní ìdájí ni, tí ó lè ru ẹja, tí ó sì lè dúró nínú oòrùn. Ìyá tí rọpárọsẹ̀ dá sílé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tí òòyì ń kọ́ bí ó bá ti dìde. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá sì kúrò lọ́jà, tí ó lọ jókòó sí ilé ìwòsàn, òdìkejì ni yóò bá pàdé, nítorí pé àìsàn ni ó kó ọ̀pọ̀ wọn wá. Ó lè sọ 3,000 di 30,000 ní ibi méjèèjì. Iye méjì tí kò bára mu ni yóò máa rí, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ti ìlú nínú wọn. Ẹni tí ó ń ra gaàrí, tí ó jẹ́ orí àpò nìkan ni ó ń bù tọ́ wò, bí ó tilẹ̀ bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, orí àpò ni ó mọ̀.

Oríṣi àṣìṣe méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti èèṣì. Bí a bá ṣẹ́ gègé yan 100 ènìyàn, tí ohun tí a ń wá sì wà lára nǹkan bí ìdajì ìlú, èsì wa kì í sábà fi ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí òtítọ́. Bí a bá yan 400, ó di 5. Bí a bá yan 1,600, ó di 2.5. Ẹ kíyè sí i pé iye ènìyàn ní láti di ìlọ́po mẹ́rin kí àṣìṣe yìí tó dín sí ìdajì, owó ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ojúsàájú inú yíyàn, bíi ti ọjà àti ilé ìwòsàn yẹn, kò sì sí iye ènìyàn tí ó lè dín in kù. Ohun tí pípọ̀ ń ṣe fún un ni pé ó ń mú kí ọkàn wa balẹ̀ lórí èsì tí kò tọ́.

Ní ọdún 2021, ìwádìí kan tí a ń ṣe nípasẹ̀ Facebook ní Amẹ́ríkà ń gba ìdáhùn nǹkan bí 250,000 ènìyàn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti mọ iye àgbàlagbà tí ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan. Ìwádìí mìíràn, tí iléeṣẹ́ ìròyìn Axios àti iléeṣẹ́ ìwádìí Ipsos ń ṣe, kò ju nǹkan bí 1,000 lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi wọ́n wé àkọsílẹ̀ CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dènà àrùn, wọ́n rí i pé ní oṣù Karùn-ún, ńlá náà ti fi 17 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju òtítọ́ lọ, nígbà tí kékeré sún mọ́ ọn dáadáa. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni purọ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó tó kí ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ yá sí ìdáhùn ju ẹni tí kò gbà á lọ. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú níbẹ̀, ní ọdún 1936, nígbà tí ìwé ìròyìn Literary Digest kó ìdáhùn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ jọ, tí ó sì sọ pé Landon, tí ó ń bá Roosevelt du ipò ààrẹ, ni yóò wọlé. Ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ni Roosevelt mú.

Àríyànjiyàn a máa le jù tí a bá sọ pé 400 ènìyàn tí a fi gègé yàn tó láti ṣojú Ẹ̀pẹ́, tí a sì tún sọ pé 400 náà ni yóò ṣojú gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó. Ó dà bí ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò rí: bí ìlú bá ti tóbi ju àwọn tí a yàn lọ fíìfíì, títóbi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kan àṣìṣe èèṣì mọ́.

Èyí kò sọ pé pípọ̀ kò wúlò. Bí oògùn kan bá ń ṣe ẹnì kan nínú 10,000 ní jàǹbá, ìwádìí tí ó yẹ 1,000 wò lè má rí i rárá. Ó tó nǹkan bí 30,000 kí ọkàn wa tó lè balẹ̀ pé a ó rí i, ó kéré tán, lára ẹnì kan.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ẹ̀pẹ́ kọ́kọ́ wá àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí ó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ó fi gègé mú 400 nínú wọn, kí ó sì tún fi gègé mú àgbàlagbà kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án tí kò bá ẹni náà nílé, kí ó má ṣe fi aládùúgbò rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kí ó padà lọ nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ti dé. Àwọn tí kò rí àti àwọn tí ó kọ̀ fún un, kí ó kọ iye wọn àti àdúgbò wọn sínú ìròyìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwọn tí ó yẹ̀ wò.