Kí ló ń tú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ká?

Ọmọ Ajílété: Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, kí ló ń fọ́ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa? Lójú tèmi, olè ni. Ẹ yan olóòótọ́ sípò akápò, ó parí.

Ìyá Aláṣọ: Kò parí síbẹ̀, ọmọ mi. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń gbowó, tó ń kọ lẹ́jà, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́, tó tún ń lọ sí báǹkì, ta ló máa mọ̀ bí owó bá dín? Ohun tó pa báǹkì Barings ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1995 nìyẹn. Nick Leeson tó ń bá wọn ṣòwò ní Singapore náà ló ń bójú tó àkọsílẹ̀ òwò ọ̀hún. Inú àkáǹtì 88888 ló ń kó àdánù pamọ́ sí, títí ó fi tó 827 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ẹni tó ń gbowó ò gbọdọ̀ kọ lẹ́jà.

Ayẹ̀wéwò: Òótọ́ ni Ìyá sọ. Lóṣooṣù, ẹ fi páàsìbúùkù ọmọ ẹgbẹ́, lẹ́jà àti ìwé tí báǹkì tẹ̀ jáde wéra. Ẹ má gba méjì àkọ́kọ́ nìkan gbọ́ o, ọwọ́ kan náà ló sábà ń kọ wọ́n. Ẹ béèrè páàsìbúùkù mẹ́wàá láìsọ tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ní ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú wò.

Àgbẹ̀ Kaṣú: Ẹgbẹ́ tí kò lólè náà ń fọ́. Wọ́n á yá gbogbo owó jáde fún oṣù 12, Oṣù Kejìlá á dé, kálukú á fẹ́ gbowó ọdún. Wọ́n á ní kẹ́nì kan padà wá lọ́la. Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú 100 náírà, ẹ má yá ju 70 lọ. Ẹ wo àwọn onídùúró náà dáadáa: Àlàbá dúró fún Ìdòwú, Ìdòwú dúró fún Táíwò, Táíwò dúró fún Àlàbá. Bọ́kan bá ti jẹ gbèsè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ nìyẹn.

Ọmọ Ajílété: Bàbá, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú òfin ẹgbẹ́. Èèyàn ni ò tẹ̀ lé e.

Ìyá Aláṣọ: Òfin tí kò dárúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa ṣe é, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ tẹ̀ lé e? Ṣebí yunifásítì LAUTECH wà níbí. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990, wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì sì jọ ni ín. Ta ló máa san èló dìjà, owó oṣù ń falẹ̀, ìyanṣẹ́lódì ń gorí ara wọn, àfìgbà tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan ní 2020.

Ọmọ Ajílété: Mo gbà fún yín lórí ìyẹn, Ìyá. Bó bá wá jẹ́ alága ló ní kí wọ́n má yẹ̀wé wò ńkọ́?

Ayẹ̀wéwò: Ìpàdé gbogboogbò ni kó yan ayẹ̀wéwò, òun náà ni kó jábọ̀ fún. Kí alága má sì lágbára láti yọ ọ́.